Tàdáwà Dé Ṣáájú Lẹ́tà: Ìtàn Ojú Ẹ̀rọ Ìkàwé àti Àkọtọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Ní ọdún 2009, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń gbé lókè òkun fi ẹ̀rọ ìkàwé kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀rọ náà fẹ́lẹ́, kò wúwo, ojú rẹ̀ kò sì tàn yanran bíi ti kọ̀ǹpútà. Bí ewé ìwé gan-an ni ó rí. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, mo ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì lórí rẹ̀ láìsí ìnira kankan. Ní ọjọ́ kejì ni mo gbé àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tèmi fúnra mi sórí rẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ètò ohùn Yorùbá. Gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ, ọ tàbí ṣ wà ni ẹ̀rọ náà fi àpótí òfìfo kékeré sí. Ojú-ewé tó mọ́ tónítóní, tí tàdáwà rẹ̀ dúdú kirikiri, ni kò lè kọ ‘ọ̀rọ̀’ tí à ń pè ní ‘ọ̀rọ̀’.

Ìtàn tí a sábà máa ń gbọ́ nípa ẹ̀rọ ìkàwé jẹ́ ìtàn ìmọ́lẹ̀, ìtàn bátìrì, àti ìtàn bí ojú òǹkàwé kò ṣe ní tètè rẹ̀ ẹ́. Nínú pépà yìí, ọ̀nà mìíràn ni a fẹ́ gbà wọ inú ìtàn kan náà. A ó béèrè ìgbà tí ojú ẹ̀rọ tó tẹ́rùn láti gbé lẹ́tà Yorùbá pẹ̀lú àmì orí àti àmì abẹ́ rẹ̀, a ó sì béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé e ní tòótọ́. Ìgbà méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Èrò mi ni pé láti 2004 títí di nǹkan bíi 2011, ojú ẹ̀rọ ti tó gbangba. Ìpinnu àwọn ènìyàn nípa lẹ́tà àti nípa fáìlì ni ó dá àkọtọ́ wa dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àbájáde ìpinnu yẹn kò sì tíì kúrò nínú àwọn ìwé tí à ń kà, tí à ń fi ṣe ìwádìí, lónìí.

Ohun tí lẹ́tà wa ń béèrè lọ́wọ́ ojú ẹ̀rọ

Ojú ẹ̀rọ èyíkéyìí jẹ́ àkójọ àmì kéékèèké onígun mẹ́rin tí à ń pè ní pixel. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó nínú ínṣì kan ni àwòrán lẹ́tà yóò ṣe já gaara tó. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì bíi o kò béèrè ju ìpele kan lọ. Ṣùgbọ́n ọ́ ní ìpele mẹ́ta: tótó tó wà lábẹ́, ara lẹ́tà fúnra rẹ̀, àti àmì ohùn tó wà lókè. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàrin ìpele kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tótó yóò lẹ̀ mọ́ ara lẹ́tà, òǹkàwé yóò sì rò pé ìdọ̀tí ni.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣírò díẹ̀. Ìṣírò tèmi ni, kò sì nílò ju pẹ́ńsù àti rúlà lọ. Ẹ̀rọ aláfọwọ́tẹ̀ kékeré tí à ń pè ní Pilot, èyí tó jáde ní 1996, ní pixel 160 níbùú àti 160 lóròó. Kò tó 75 nínú ínṣì kan. Bí a bá fẹ́ fi lẹ́tà tó tóbi bíi ti ìwé kíkà lásán, ìyẹn ìwọ̀n 10, hàn lójú rẹ̀, gbogbo gíga tí a ní kò ju pixel 9 tàbí 10 lọ. Ara o nìkan yóò gba 5. Tótó abẹ́ yóò gba 1, àlàfo rẹ̀ 1, àlàfo òkè 1, àmì ohùn 2. Ó pé 10, kò sì sí àyè kankan mọ́ láàrin ìlà yìí àti ìlà tó tẹ̀ lé e. Yorùbá kò lè gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ láìsí àmì nígbà náà ní àwáwí.

Bí pixel bá di 167 nínú ínṣì kan, gíga kan náà yóò fún wa ní 23. Tótó abẹ́ lè ní pixel 2 tàbí 3, àlàfo rẹ̀ sì hàn kedere. Bí ó bá di 300, gíga náà di nǹkan bíi 42. Tótó á ní 4 tàbí 5, á sì rí róbótó bó ṣe yẹ kó rí. Nítorí náà, tí a bá ń ka ìtàn tó tẹ̀ lé èyí, nọ́ńbà 167 ni kí á fi sọ́kàn.

Kí tàdáwà tó dé

Ní 1972, Alan Kay, tó ń ṣiṣẹ́ ní PARC, ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto ní Kalifóníà, kọ pépà kan nípa ẹ̀rọ tí ọmọdé lè gbé lọ́wọ́ bí ìwé. Dynabook ni ó pè é. Wọn kò kọ́ ọ bó ṣe ròyìn rẹ̀, nítorí kò sí ojú ẹ̀rọ tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwádìí kan náà, ní àárín àwọn ọdún 1970, Nick Sheridon bẹ̀rẹ̀ sí wá ojú ẹ̀rọ tí yóò dà bí bébà. Ó to àwọn bọ́ọ̀lù bíńtín-bíńtín sínú rọ́bà pẹlẹbẹ tó rin fún òróró. Ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan dúdú, ẹ̀gbẹ́ kejì funfun. Bí agbára iná bá kàn án, a yí ojú padà. Gyricon ni orúkọ tí wọ́n fún un. Xerox padà dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé ní 2005.

Ní Japan, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kan náà, Isao Ota ti ilé-iṣẹ́ Matsushita gba ọ̀nà mìíràn. Ó da èérún aláwọ̀ sínú omi aláró, ó sì ń fi agbára iná fà wọ́n wá sójú tàbí kí ó tì wọ́n sẹ́yìn. Ọ̀nà yìí ni ó borí nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nígbà náà. Èérún ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú ẹ̀rọ náà kò sì pẹ́ kó tó bà jẹ́.

Ohun tí ọjà tẹ́wọ́ gbà ni LCD, ojú ẹ̀rọ irú èyí tó wà lára aago ọwọ́ àti ẹ̀rọ ìṣírò. LCD kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí aṣọ fèrèsé ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́: ó lè dí ìmọ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ kí ó kọjá. Bí a kò bá fi iná sẹ́yìn rẹ̀, ó ṣókùnkùn. Bí a bá fi iná sẹ́yìn rẹ̀, bátìrì kò ní pẹ́ tán. Bí a bá sì gbé e sínú oòrùn, oòrùn borí rẹ̀. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni Sony fi ṣe Data Discman, tó jáde ní Japan ní 1990, tí ìwé rẹ̀ wà lórí pẹlẹbẹ CD kékeré. Irú rẹ̀ náà ni Rocket eBook ti 1998, iṣẹ́ Martin Eberhard àti Marc Tarpenning, àwọn méjì tó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Tesla sílẹ̀ ní 2003. Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun ní àkókò yẹn, mo sì fọwọ́ gbé ọ̀kan wò ní ìsọ̀ ìwé. Ó wúwo ju ìdajì kílógíráàmù lọ. Mo dá a padà sórí tábìlì. Ilé-iṣẹ́ Gemstar ra Rocket àti SoftBook tí ó jẹ́ orogún rẹ̀ ní 2000, ó sì pa iṣẹ́ ẹ̀rọ ìkàwé rẹ̀ tì ní 2003. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ìwé orí ẹ̀rọ ti parí.

Èérún nínú àpò

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé lọ́jọ́ kan ní 1995, Joseph Jacobson ń kàwé létí òkun, ìwé náà parí, kò sì ní òmíràn lọ́wọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ro ti ìwé kan ṣoṣo tí ojú-ewé rẹ̀ lè di ojú-ewé ìwé mìíràn. Nígbà tí ó dé MIT ní Massachusetts, ó fi iṣẹ́ náà lé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọn kò tíì gba oyè àkọ́kọ́, Barrett Comiskey àti J.D. Albert. Ohun tí wọ́n ṣe rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe: wọ́n kó èérún bíi ti Ota sínú àpò róbótó-róbótó, àpò tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ti irun orí kan lọ. Níwọ̀n bí èérún kò ti lè jáde kúrò nínú àpò tirẹ̀, kò sí bí ó ṣe lè wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú ẹ̀rọ mọ́. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ E Ink sílẹ̀ ní 1997, àbọ̀ ìwádìí wọn sì jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù Keje 1998.

Nínú àpò ti ọjà, oríṣi èérún méjì ni ó wà nínú omi tó mọ́ gaara. Funfun jẹ́ titanium dioxide, ohun kan náà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà funfun. Dúdú jẹ́ ẹbí èédú. Agbára iná tí ọ̀kan gbé jẹ́ ti +, ti èkejì jẹ́ ti −. Bí a bá fi − sábẹ́ àpò, èérún tó gbé + yóò sá lọ sísàlẹ̀, èkejì yóò sì gòkè wá sójú. Bí a bá yí iná padà, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Ìmọ́lẹ̀ inú yàrá tàbí ti oòrùn ni ó ń kan èérún yìí tó ń padà sí ojú òǹkàwé, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rí lórí bébà, ìdí sì nìyẹn tí oòrùn ọ̀sán kò fi borí rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé bí èérún bá ti gba ipò rẹ̀, kò nílò iná mọ́ láti dúró síbẹ̀. Ìgbà tí a bá ṣí ojú-ewé nìkan ni bátìrì ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé níbi tí iná ti ń wá tó tún ń lọ kò nílò àlàyé lórí àǹfààní èyí.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Èérún lọ́ra, nítorí náà ojú-ewé a ṣẹ́jú dúdú kó tó yí padà. Bí kò bá sì yí padà tán, òjìji ojú-ewé àná yóò hàn fírífírí lẹ́yìn ti òní. Fún òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì, ìdíwọ́ kékeré ni. Fún wa, òjìji àmì tó rọ̀ mọ́ orí fáwẹ́lì lè di ohùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé mo ka ‘igbá’ níbi tí a kọ ‘igba’ sí, tí mo sì ń wá igbá tí òǹkọ̀wé sọ nínú ìtàn owó.

Sony, pẹ̀lú Philips àti E Ink, ni ó kọ́kọ́ gbé ojú yìí dé ọjà fún ìwé kíkà. Librié ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Ó jáde ní Japan ní oṣù Kẹrin 2004. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 6, pixel 800 sí 600, ìpele àwọ̀ eérú mẹ́rin láti funfun dé dúdú. Bátìrì kéékèèké mẹ́rin ni ó ń lò. Ìwé tí ènìyàn bá gbà sórí rẹ̀ a máa ti ara rẹ̀ pa lẹ́yìn 60 ọjọ́, àwọn ènìyàn kò sì fẹ́ràn èyí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sony Reader dé Amẹ́ríkà ní 2006. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá 2007, Amazon gbé Kindle jáde ní 399 dọ́là, èyí tí wọ́n ní sì tà tán láàrin wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí nọ́ńbà tí a ní kí á fi sọ́kàn. Pixel 800 sí 600 lórí ínṣì 6 jẹ́ nǹkan bíi 167 nínú ínṣì kan. Librié ní i ní 2004. Sony Reader ní i. Kindle àkọ́kọ́ ní i.

Àyè wà, lẹ́tà kò sí

Ìwé orí ẹ̀rọ kò bí sínú àkọtọ́ tó gbòòrò. Nígbà tí Michael Hart tẹ Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà sórí kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Illinois ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1971, tó sì fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Project Gutenberg, lẹ́tà ńlá nìkan ni ó fi tẹ̀ ẹ́. ASCII kò ní ju àyè 128 lọ, kò sì sí àmì orí kan nínú rẹ̀. Ní 1987 ni ètò tí à ń pè ní Latin-1 jáde, wọ́n sì ṣe é fún àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. Faransé ní àmì rẹ̀ níbẹ̀, Sípáníìṣì ní tirẹ̀, Jámánì ní tirẹ̀.

Àwa náà rí nǹkan níbẹ̀, àjẹkù àwọn Faransé. Á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú àti ù wà nínú Latin-1. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Ìtọ́sọ́nà tí Amazon fún àwọn òǹtẹ̀wé fún Kindle ìgbà náà sì sọ pé Latin-1 ni ẹ̀rọ náà ń gbà. Èyí mú ipò kan wá tí ó yẹ kí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè dúró wò dáadáa, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí á kọ̀wé pẹ̀lú àmì tàbí láìsí àmì. A lè fi ohùn orí fáwẹ́lì pamọ́, kí á sì pàdánù fáwẹ́lì fúnra rẹ̀. Ọ̀kọ̀ tí ọdẹ gbé dání di òkò tí ọmọdé ń jù. Ọrọ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ di orò tí wọ́n ń ṣe lóru. Ọkọ ìyàwó di oko. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń kọ́ni di Èkó, ìlú tó wà létí ọ̀sà. Kò sí èyí tí ohùn rẹ̀ yí padà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tó sọ pé ohùn ni gbogbo ìṣòro Yorùbá lórí ẹ̀rọ kò tíì wo apá ibí yìí.

Kò sì jẹ́ pé àgbáyé kò mọ lẹ́tà wa nígbà náà. Unicode, ètò tó fẹ́ fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀, ti ní ẹ, ọ àti ṣ nínú ẹ̀dà 1.1 tó jáde ní 1993. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ó fi ṣáájú Librié. Mo máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi létí pé àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, àti pé tótó abẹ́ jẹ́ àmì ohùn lọ́dọ̀ wọn. Nọ́ńbà kan náà ni àwa àti àwọn jọ ń lò. Ibi tí tiwa ti le jù ni ẹ́ àti ọ̀. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún wọn. Lẹ́tà onítótó ni a ń kọ, a ó wá so àmì ohùn tó dá dúró mọ́ ọn, fọ́ǹtì sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n a gbé àmì sórí lẹ́tà kejì tàbí sínú òfuurufú. Doulos SIL, Charis SIL àti Gentium, tí SIL fi ta wá lọ́rẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń ka pépà yìí tí kò tíì lo ọ̀kan nínú wọn.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá ìwé lè gbé fọ́ǹtì tirẹ̀ dání dé orí ẹ̀rọ. Ibí ni ọ̀nà ti pínyà. EPUB, tí ẹgbẹ́ IDPF fọwọ́ sí ní oṣù Kẹsàn-án 2007, gbà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: a lè di fọ́ǹtì pọ̀ mọ́ ìwé. Sony gba EPUB sórí ẹ̀rọ rẹ̀ ní 2008. Kindle kò gbà á; fáìlì tirẹ̀ wá láti ọwọ́ Mobipocket, ilé-iṣẹ́ Faransé tí Amazon rà ní 2005, irú fáìlì náà kò sì ní àyè fún fọ́ǹtì òǹkọ̀wé. Ní 2010, Kindle kẹta bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́tà Rọ́ṣíà, ti Ṣáínà, ti Japan àti ti Kòríà hàn. Ìgbà tí Amazon kéde irú fáìlì tuntun, KF8, ní oṣù Kẹwàá 2011, ni ìwé Kindle tó lè gbé fọ́ǹtì dání. Nítorí náà, ọdún mẹ́rin ni ó wà láàrin ohun tí EPUB gbà àti ohun tí ẹ̀rọ tó tà jù lọ gbà. Láàrin ọdún mẹ́rin yẹn, ojú ẹ̀rọ náà kò ní àléébù kankan tí ó lè dí tótó wa lọ́wọ́.

Àwọn àgbà inú wa yóò sọ pé a ti rí irú èyí rí. Ní 1992, táípúráítà Gẹ̀ẹ́sì ni a fi tẹ àpilẹ̀kọ oyè àkọ́kọ́ mi. Bírò dúdú ni mo fi to tótó àti àmì ohùn sí i láti ojú-ewé kìíní dé ìkẹyìn, alẹ́ mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn náà ni a dé orí kọ̀ǹpútà, tí oníkálukú ń lo fọ́ǹtì àdáṣe tí ọ ti jókòó sí àyè àmì mìíràn. Fáìlì tó dára ní Ìbàdàn a di jágbajàgba bó bá dé Ìlọrin. Ṣùgbọ́n táípúráítà fi àyè bírò sílẹ̀. Kò sí àyè bírò lójú ẹ̀rọ ìkàwé.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Hausa pẹ̀lú ɓ, ɗ àti ƙ, Igbo pẹ̀lú ị, ọ àti ụ, Ewe pẹ̀lú ɖ, ƒ àti ŋ, kò sí ọ̀kan nínú lẹ́tà wọ̀nyí ní Latin-1. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń kọ Yorùbá pẹ̀lú ɛ àti ɔ ní ìbámu pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà ti 1975, lẹ́tà ibẹ̀ dín ìpele kan kù: ɔ́ kò ní nǹkan kan lábẹ́. Lójú Pilot ti 1996, àkọtọ́ Kétu ì bá rí àyè níbi tí àkọtọ́ Ọ̀yọ́ kò ti rí i. N kò sọ pé ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí á pààrọ̀ àkọtọ́. Àríyànjiyàn yẹn ti dàgbà ju ẹ̀rọ lọ.

Ibi tí ẹ̀rọ ìkàwé ti kọ́kọ́ wọ kíláàsì ní agbègbè wa lọ́nà tí a lè tọpasẹ̀ ni Ghana. Àjọ Worldreader, tí David Risher àti Colin McElwee dá sílẹ̀, kó Kindle lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ní 2010, àjọ USAID sì ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ìdánwò tó tẹ̀ lé e ní ẹkùn Ìlà-Oòrùn. Ìwé Akan wà lára ohun tí àwọn ọmọ kà, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan, èyí sì yẹ ní ìyìn. Ohun tó dojú kọ wọ́n kò tilẹ̀ jẹ mọ́ ti lẹ́tà. Àwọn kan ti bẹ̀rù pé olè yóò kó ẹ̀rọ náà lọ. Olè kò fi bẹ́ẹ̀ jà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ẹ̀rọ náà ni ó fọ́. Tàdáwà inú àpò rọ̀, ó lè tẹ̀. Orí gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, gíláàsì yẹn ni kò lè fara da àpò ìwé ọmọdé.

Ojú tó já gaara, àti fáìlì àtijọ́

Láti ibí, ìtàn ojú ẹ̀rọ yára. Ilé-iṣẹ́ Taiwan kan, Prime View, ra E Ink ní 2009, ó sì gba orúkọ rẹ̀. Pearl, tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì ní ìpele àwọ̀ eérú 16, jáde ní 2010, ọdún kan náà tí iPad dé. Ní 2012 ni iná tó ń tàn láti ẹ̀gbẹ́ sórí ojú-ewé dé orí ẹ̀rọ Nook àti Kindle. Kindle Voyage ti 2014 ní pixel 300 nínú ínṣì kan, tótó wa sì di róbótó níkẹyìn. Ní 2018, Kindle gbà kí òǹkàwé fi fọ́ǹtì tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ aláwọ̀ ti wà báyìí pẹ̀lú, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣe ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kíyè sí ohun kan nípa rẹ̀. Ojú Kaleido 3 ní 300 fún dúdú àti funfun, ṣùgbọ́n 150 péré ni ó ní fún àwọ̀. Bí a bá fi pupa kọ àmì ohùn kí ọmọdé lè rí i, ní ìrètí pé ẹ̀rọ aláwọ̀ yóò ràn wá lọ́wọ́, a ti dá àmì náà padà sí ìsàlẹ̀ ohun tí Librié ní ní 2004.

Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń kàwé, lójú LCD tàbí irú tó rọ́pò rẹ̀. OkadaBooks, tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013, fi hàn pé a lè ta ìwé fún wọn níbẹ̀, títí ó fi kógbá wọlé ní oṣù Kọkànlá 2023. Ojú ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí já gaara ju ti ẹ̀rọ ìkàwé lọ. Kò sí ẹni tó lè sọ lónìí pé ojú ẹ̀rọ ni ó ní kí òun má fi àmì sí Yorùbá.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ ara mi. Ní 2010, olùtẹ̀wé kan fẹ́ gbé ìwé ìtàn kékeré kan tí mo kọ sórí ẹ̀rọ. Ó ní tótó abẹ́ kò ní ṣiṣẹ́, kí n yọ ọ́ kúrò. Mo yọ ọ́, lẹ́tà sí lẹ́tà, mo sì fi ohùn sílẹ̀, mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá. Ní 2019, akẹ́kọ̀ọ́ kan mú àpilẹ̀kọ wá fún mi lórí àǹkóò fáwẹ́lì. Ó ti fi kọ̀ǹpútà ka iye fáwẹ́lì nínú àkójọ ìwé Yorùbá orí ẹ̀rọ, òǹkà e àti o sì ga lọ́nà tí kò yé òun alára. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wá àlàyé fún un nínú ẹ̀ka-èdè àwọn òǹkọ̀wé. Mo ní kí ó mú orúkọ àwọn ìwé náà wá. Tèmi ni ìkẹta lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀.

A lè rò pé ohun tó bá ti jáde kò ṣeé pè padà. Lórí bébà, bẹ́ẹ̀ ni. Lórí ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe: ní oṣù Keje 2009, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ, Amazon na ọwọ́ wọ inú ẹ̀rọ àwọn tó ti sanwó, ó sì yọ ẹ̀dà ìwé 1984 àti Animal Farm ti George Orwell kúrò níbẹ̀. Inú bí àwọn ènìyàn, ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ọwọ́ tó lè yọ odindi ìwé kò lè ṣàìlè dá tótó padà sábẹ́ o. Mo ti ṣe ẹ̀dà mìíràn, pẹ̀lú gbogbo àmì, pẹ̀lú fọ́ǹtì nínú rẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sí olùtẹ̀wé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo parí pépà yìí, mo tún lọ wò ó. Ẹ̀dà 2010 ni ó ṣì wà níbẹ̀, orí kìíní rẹ̀ sì ń jẹ́ “Èkó Àkókó”.